Ikú Ń Ṣojúsàájú ní Wọ́ọ̀dù Ọmọdé

Kọ́púrù ti yọ ṣẹkẹ́ṣẹkẹ̀ kó tó mọ ẹni tó máa fi dè. Ìwà rẹ̀ nìyẹn. Bí ewúrẹ́ bá já, okùn ni yóò kọ́kọ́ mú.

"Dókítà yìí ni, mà," ó ní, ó ń nàka sí ọ̀dọ́mọkùnrin tó wọ aṣọ funfun. "Ìgò tirẹ̀ ló ń pa àwọn ọmọ. Ẹ jẹ́ ká máa lọ."

"Ṣé lóòótọ́?"

Obìnrin tó béèrè kò tiẹ̀ wojú rẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì kékeré kan, ó ń wo ìgò omi tí wọ́n so mọ́ ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀dì náà. Omi ń hó nínú rẹ̀, kutukutu, kutukutu, bẹ́ẹ̀ kò sí iná lábẹ́ rẹ̀. Ìsípẹ́kítọ̀ ọlọ́pàá ni obìnrin yìí, àmọ́ ta ló ń pè é bẹ́ẹ̀? Àǹtí Ṣé-Lóòótọ́ ni gbogbo ìlú mọ̀ ọ́n sí. Ìbéèrè kan náà ló ń bi olè, òun ló ń bi ẹni tí olè jà, òun náà ló sì bi ọkọ rẹ̀ lọ́jọ́ tó kọ́kọ́ sọ pé òun nífẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ọkọ ọ̀hún ṣì ń ṣàlàyé títí dòní.

"Dókítà," ó ní, "kí ni omi yìí ń ṣe níbí? Ẹ sọ ọ́ bí ẹni ń sọ fún Kọ́púrù."

Dókítà nàka sí ìgò náà. "Mà, ẹ wo ọ̀rá tí èèyàn fẹ́ atẹ́gùn sí. Bí atẹ́gùn bá jáde tán, ọ̀rá á lẹ̀ mọ́ra, ó wá di iṣẹ́ kó tó ṣí padà. Bí ẹ̀dọ̀fóró ọmọ tí òtútù àyà mú ṣe ń rí nìyẹn. Ọmọ á jà títí, á rẹ̀ ẹ́. Àwa wá fi rọ́bà sí i nímú, a ti ẹnu kejì rọ́bà náà bọ inú omi. Bó bá mí síta, omi á dá díẹ̀ dúró nínú atẹ́gùn náà. Ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀ ò ní lẹ̀."

"Ìgò lásán?"

"Ìgò lásán, mà. Àmọ́ ìwádìí ṣì ni. A fẹ́ mọ̀ bóyá ó dára ju ọ́síjìn tí gbogbo ayé ń lò lọ. Torí náà, gègé la máa ń ṣẹ́. Ọmọ tó bá dé, a ó tẹ agolo."

Agolo náà wà lórí tábìlì, ó gùn bí apá, ó tín-ín-rín. Oníṣirò tí kì í wá sí wọ́ọ̀dù ló to bọ́ọ̀lù kéékèèké sínú rẹ̀, pupa àti funfun, ó sì dí orí rẹ̀ pa. Bí èèyàn bá tẹ ìdí rẹ̀, ẹyọ kan á bọ́ síta. Pupa, ìgò. Funfun, ọ́síjìn lásán.

"Ẹ ò ṣe kàn fún ẹni tó bá wù yín?" Kọ́púrù béèrè.

"Ojú àánú la máa fi yàn. A ò sì ní mọ̀ láéláé bóyá ìgò ló ṣiṣẹ́."

"Ó ti ṣiṣẹ́ báyìí," Kọ́púrù ní. "Òkú ló ń kó jáde."

Ọ̀rọ̀ burúkú ni, àmọ́ irọ́ kọ́. Ikú pọ̀ lápá ìgò ju apá kejì lọ, ó pọ̀ débi pé ẹnìkan ti kọ̀wé sí ọlọ́pàá pé wọ́n ń fi omi pa ọmọ ọlọ́mọ. Àwọn ọ̀gá ilé ìwòsàn ń ṣèpàdé lókè lórí ọ̀rọ̀ náà. Bí wọ́n bá sọ̀ kalẹ̀, wọn á yọ gbogbo ìgò kúrò, Dókítà á sì wọ ọkọ̀ ọlọ́pàá.

Àǹtí wo inú bẹ́ẹ̀dì. Ọmọbìnrin kan wà níbẹ̀, kò tíì dàgbà tó ẹni tí ń jókòó. Ihò imú rẹ̀ ń fẹ̀, àyà rẹ̀ ń wọnú bó ṣe ń mí, àmọ́ ó ń mí. Ìyá rẹ̀ di etí bẹ́ẹ̀dì mú bí ẹni pé ọkọ̀ ojú omi ni.

"Bí wọ́n bá yọ ti eléyìí ńkọ́?"

Dókítà rẹ ohùn rẹ̀ sílẹ̀ kí ìyá má baà gbọ́. "Àìsàn tirẹ̀ ló le jù nínú gbogbo wọn. Kò ní lè dá a jà."

"Ṣé lóòótọ́?"

"Àǹtí, ẹ dè mí bó bá wù yín. Ẹ má jẹ́ kí wọ́n yọ tirẹ̀."

Àǹtí dìde, ó gbọn orúnkún aṣọ rẹ̀. "Kọ́púrù, fi irin yẹn pamọ́. Ta ni inú rẹ̀ máa dùn bí ìgò bá kùnà?"

*

Ẹni tí inú rẹ̀ máa dùn ń jẹ́ Ọ̀gá Máṣíìnì. Òun ló ń ta ẹ̀rọ èémí ńlá, èyí tó ga tó fíríìjì tó sì ń pariwo ju ìyàwó ilé tí ọkọ rẹ̀ pẹ́ dé lọ. Bàtà rẹ̀ ń dán débi pé Kọ́púrù rí irùngbọ̀n ara rẹ̀ nínú rẹ̀.

"Wọ́n máa ń rí yín ní wọ́ọ̀dù yìí lemọ́lemọ́," Àǹtí ní. "Kí lẹ máa ń wá?"

"Mo máa ń wá kí àwọn nọ́ọ̀sì."

"Ṣé lóòótọ́?"

"Mo máa ń... mo máa ń wá wo ẹ̀rọ tí mo tà."

"Ẹ̀rọ tí ẹ tà wà ní àjà kejì. Ìdí ìgò ni wọ́n ti ń rí yín."

Òógùn yọ níwájú orí rẹ̀. Kọ́púrù ti fọwọ́ kan ṣẹkẹ́ṣẹkẹ̀.

"Ó dáa! Ó dáa! Fọ́tò ni mo ń yà."

"Fọ́tò kí ni?"

"Fọ́tò ìgò náà. Mo fẹ́ ṣe tèmi kí n máa tà á." Ó na fóònù rẹ̀ síwájú, ojú ń tì í. Fọ́tò ìgò kún inú rẹ̀ bámúbámú: ìgò níwájú, ìgò lẹ́yìn, ìgò pẹ̀lú òun fúnra rẹ̀ tó ń rẹ́rìn-ín.

Nígbà tó jáde tán, Kọ́púrù ní, "Ẹ jẹ́ ká ṣì mú un."

"Nítorí kí ni? Ẹni tó fẹ́ jí ewúrẹ́ kì í fún un ní májèlé. Àdúrà ọkùnrin yẹn ni kí ìgò ṣàṣeyọrí ju bí Dókítà ṣe fẹ́ ẹ lọ. Ta ló kù?"

"Ẹni tó lérí, mà. Bàbá ọmọ tó wà nínú bẹ́ẹ̀dì yẹn."

*

Káfíńtà ni bàbá náà. Èérún pákó ṣì wà ní etí rẹ̀, ojú rẹ̀ sì pọ́n bí ẹni tó fi ìdúró sùn.

"Wọ́n ní ẹ lérí sí àwọn nọ́ọ̀sì," Àǹtí ní.

"Mo lérí. Bí wọ́n bá tún ṣe é, màá tún lérí."

"Ẹ ní ẹ máa fọ́ gbogbo ohun tó wà ní wọ́ọ̀dù."

"Inú ló ń bí mi. Ẹ̀yin náà, bí wọ́n bá fo yín lórí ìlà ńkọ́? Àwa la kọ́kọ́ dé. Ọmọ mi ń mí hẹlẹhẹlẹ bí ajá tó sáré, kò lè sunkún. Obìnrin kan wá dé lẹ́yìn wa. Ọmọ tirẹ̀ ń wúkọ́ lóòótọ́, àmọ́ ó ń fa irun ìyá rẹ̀, ó ń rẹ́rìn-ín sí mi! Òun ni wọ́n kọ́kọ́ pè."

"Lẹ wá lọ da nǹkan sínú ìgò," Kọ́púrù bọ́ sí i.

"Ọ̀gá ọlọ́pàá, ọmọ tèmi náà ló wà nídìí ìgò!"

"Wọ́n bá ọwọ́ yín lára rẹ̀."

"Ṣé kí n má fọwọ́ kàn án? Bí oorun bá ń gbé mi lọ, mo máa ń gbọ́wọ́ lé e kí n lè mọ̀ ọ́n lára pé ó ṣì ń hó."

Kọ́púrù wo ilẹ̀. Òun náà bímọ.

Àǹtí sún mọ́ ọn. "Ta ló fò yín?"

"Mátírọ̀n ni. Ohun tó dùn mí jù nìyẹn, torí èèyàn jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́ ni. Òun ló gba ọmọ lọ́wọ́ ìyàwó mi. Ó gbé e lé itan ara rẹ̀, ó fi ọ́síjìn sí i nímú, ó ń kì í lóríkì. Ó kàn kọ̀, kò jẹ́ ká wọlé ni. Ó lọ bẹ̀rẹ̀ mọ́ tábìlì fúngbà díẹ̀, ó padà wá, ó ní kí onírun fífà kọjá. Ìgbà tí ìyẹn wọlé tán ló tó pè wá."

Àǹtí yíjú sí ọ̀nà wọ́ọ̀dù. Kò tiẹ̀ béèrè bóyá lóòótọ́ ni. Kọ́púrù mọ̀ pé nǹkan ti ṣẹlẹ̀.

*

Bẹ́ǹṣì gígùn kan wà lẹ́nu ọ̀nà wọ́ọ̀dù, ibẹ̀ ni àwọn ìyá máa ń jókòó sí bí wọ́n bá ń tún bẹ́ẹ̀dì ṣe. Àǹtí jókòó sáàárín wọn, ó fẹ́ afẹ́fẹ́ sójú ara rẹ̀, ó mí kanlẹ̀.

"Ẹ̀yin ìyá mi, kò sí ohun tí mo kórìíra tó kí wọ́n fo èèyàn lórí ìlà."

Ẹ̀yin tèmi, ẹ tiẹ̀ wò ó. Bí ẹni ju òkúta sí ilé oyin ni.

"Èmi náà ni wọ́n fò!" Obìnrin kan fò dìde. "Ọmọ mi ti ń dúdú létè!"

"Ọmọ yín dà?"

"Ó wà nínú lọ́hùn-ún. Ìdí ìgò."

"Wọ́n fo èmi náà," ìyá àgbà kan ní. "Ọmọ ọmọ mi ò lè fa ọyàn mọ́, wọ́n ní kí n sún kí ọmọ tó ń ké bí àkùkọ kọjá. Ìgò ni wọ́n fi sí tiwa náà."

"Ẹ máà wò mí o!" Obìnrin kẹta tí irun rẹ̀ ti já lápá kan ló sọ̀rọ̀. "Èmi ò bẹ̀ wọ́n. Mátírọ̀n ló ní kí n bọ́ síwájú. Ọmọ mi ò sì bá ìgò pàdé. Ọ́síjìn lásán ni, ọ̀la la ń lọlé."

"Ó ní láti lọlé! Ọmọ tó ń fa irun èèyàn!"

"Ṣé ó fa irun tiyín ni?"

Àǹtí fi wọ́n sílẹ̀ sínú ìjà wọn, ó fa Kọ́púrù lápá.

"Mo ti mọ̀ ọ́n," Kọ́púrù ní. "Ìkà ni Mátírọ̀n. Ó ń dá ọmọ tó ń kú lọ dúró."

"Ìkà tó gbé ọmọ lé itan, tó ń kì í? Ronú. Ọmọ tó le koko, ó dá a dúró. Ọmọ tí kò le, ó tì í síwájú. Gbogbo èyí tó dá dúró, pupa bọ́ fún un. Gbogbo èyí tó tì síwájú, funfun. Kí ló ń dúró dè?"

"Pupa?"

"Pupa. Bí funfun bá ló kàn, á wá ẹni tí ara rẹ̀ lè gbé e, á fi gba funfun náà kúrò lọ́nà."

"Àmọ́ mà, bó bá jẹ́ pé ìgò dára tó sì ń wá a fún àwọn tó le jù, kí ló dé tí wọ́n ń kú?"

"Kọ́púrù, ká ní a fẹ́ sáré ìje. Mo kó gbogbo ẹlẹ́sẹ̀ dídá fún ọ kí o kọ́ wọn ní eré, mo kó àwọn tí ara wọn le fún ẹlòmíì. Ta ló máa borí?"

"Òun ni."

"Ṣé torí pé o ò mọ eré kọ́ wọn ni?"

Kọ́púrù yanu. Ẹnu náà pẹ́ kó tó pa dé.

"Ikú ti di àwọn ọmọ yẹn lẹ́sẹ̀ mú kí wọ́n tó dé ibí," Àǹtí ní. "Ìdí ìgò ni wọ́n kó gbogbo wọn sí. Ẹni tó bá wá ka iye òkú lẹ́yìn náà, ìgò ló máa mú lápànìyàn."

"Báwo ló ṣe mọ àwọ̀ tó kàn? Agolo dí pa."

Wọ́n padà sí ìdí tábìlì. Àǹtí yí agolo náà ká, ó fi ojú kan ihò ìdí rẹ̀. Òkùnkùn biribiri. Ó na ọwọ́ sí Dókítà. "Kí ni ẹ fi ń wo ọ̀nà ọ̀fun ọmọdé?"

"Tọ́ọ̀ṣì kékeré, mà. Mátírọ̀n ló ni ín. Àpò àyà rẹ̀ ló máa ń wà, èmi gan-an máa ń yá a ni."

Àǹtí tan iná fóònù rẹ̀ sí ihò náà, ó wò ó, ó sì pa á. Kò sọ ohun tó rí fún ẹnikẹ́ni.

"Ẹlẹ́rìí ò sí," ó ní. "Ohun tí mo ní ò ju ìjà orí bẹ́ǹṣì lọ. Àfi kó ti ẹnu rẹ̀ jáde."

Lókè, ilẹ̀kùn ṣí. Wọ́n gbọ́ bí bàtà ṣe ń sọ̀ lórí àtẹ̀gùn, bàtà púpọ̀.

*

Mátírọ̀n jókòó ti bẹ́ẹ̀dì ọmọ káfíńtà. Obìnrin àgbà ni, ó sanra níwọ̀n, ọwọ́ rẹ̀ sì tóbi bí ọwọ́ ẹni tó ti gbé ọmọ ọlọ́mọ ju tirẹ̀ lọ. Àǹtí gbé agolo sórí ẹsẹ̀ rẹ̀.

"Mátírọ̀n, ẹ jọ̀ọ́ mà. Ìbéèrè kan ṣoṣo. Àwọ̀ wo ló máa bọ́ báyìí?"

Ọwọ́ ńlá yẹn dúró lórí àyà ọmọ. "Kò yẹ kí n mọ̀ ọ́n."

"Kò yẹ, mà. Àwọ̀ wo ni?"

"Ìsípẹ́kítọ̀, iṣẹ́ wà lọ́wọ́ mi."

"Ẹ gbọ́ bàtà wọn lórí àtẹ̀gùn? Ẹni tó máa yọ rọ́bà yìí wà nínú wọn. Bí ẹ ò bá mọ àwọ̀ tó kàn, á jẹ́ pé ìgò ló ń pa wọ́n, kí wọ́n yọ ọ́. Bí ẹ bá mọ̀ ọ́n, ẹ ti pàdánù iṣẹ́ tí ẹ fi gbogbo ayé yín ṣe. N kò lè parọ́ fún yín, mà."

Ìyá ọmọ ń wo ẹnu wọn láti ẹnì kan sí ẹnì kejì. Kò yé e, àmọ́ ó ti di ọwọ́ Mátírọ̀n mú.

Ilẹ̀kùn wọ́ọ̀dù ṣí.

"Funfun," Mátírọ̀n ní.

Àǹtí tẹ ìdí agolo. Bọ́ọ̀lù kan já bọ́, ó ta lórí sìmẹ́ńtì, ó yí títí dé ẹsẹ̀ ọ̀gá àgbà ilé ìwòsàn tó ń wọlé bọ̀. Funfun ni.

"Kí ni gbogbo eléyìí?" Ọ̀gá àgbà béèrè. Oníṣirò wà lẹ́yìn rẹ̀, ọkùnrin tín-ín-rín kan báyìí, àti ẹni tó ń tún ẹ̀rọ ṣe, tòun ti ìbọ̀wọ́. "Mátírọ̀n, ẹ sún kúrò níbẹ̀. Ìgò ń kúrò."

"N kò ní sún, sà. Ẹ kọ́kọ́ gbọ́ tèmi."

Ó sọ ọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀, kò fi ìkan pamọ́. Bó ṣe ń tan tọ́ọ̀ṣì wo ihò agolo. Bó ṣe ń to àwọn ọmọ. "Mo rí i pé ìgò ń ṣiṣẹ́. Ojú ara mi ni mo fi rí i. Ọmọ tó ń kú lọ wà lórí itan mi, ẹ ní kí n fún un ní funfun nítorí ìwé tí ẹ fẹ́ kọ? Ẹ̀yin lè ṣe é, Ìsípẹ́kítọ̀?"

"N kò mọ̀, mà," Àǹtí ní. Kọ́púrù ò gbọ́ irú ìdáhùn yẹn lẹ́nu rẹ̀ rí.

Oníṣirò ṣa bọ́ọ̀lù funfun náà nílẹ̀. "Iṣẹ́ wa ti bàjẹ́ nìyẹn. Gbogbo rẹ̀."

"Ẹ fi àwọn tó ń mí hẹlẹhẹlẹ nígbà tí wọ́n dé wé ara wọn," Dókítà bẹ̀ ẹ́. "Àwọn tó bọ́ sí ìgò, àti àwọn tó bọ́ sápá kejì kí Mátírọ̀n tó bẹ̀rẹ̀ sí í yọjú wo agolo. Báwo ni àwọn tó bọ́ sápá kejì yẹn ṣe ṣe?"

Oníṣirò pa ojú dé, ó ń ṣe é lórí. "Wọn ò pọ̀." Ó lajú. "Wọn ò sì... wọn ò pẹ́ kí ikú tó mú wọn. Bó ti wù kó rí, mi ò lè fi ìyẹn sọ pé ìgò dára."

"Ṣé ẹ lè fi èyí tó wà nílẹ̀ sọ pé ó ń pànìyàn?" Àǹtí béèrè.

"Rárá. Ìyẹn ò ṣeé sọ mọ́."

Ọ̀gá àgbà wo ọmọ náà. Ó sún mọ́ bẹ́ẹ̀dì náà. Káfíńtà ti dé ẹnu ọ̀nà, ó dúró síbẹ̀, kò lè wọlé, kò lè padà.

"A ò ní ṣẹ́ gègé fún ọmọ kankan mọ́ títí a ó fi jókòó lórí ọ̀rọ̀ yìí," ọ̀gá àgbà ní. "Èyí tó bá ti wà nídìí ìgò, ẹ jẹ́ kó wà níbẹ̀." Ó yíjú sí ẹni tó wọ ìbọ̀wọ́. "O lè máa lọ."

Káfíńtà fẹ̀yìn ti òpó ilẹ̀kùn. Ó jókòó sílẹ̀ lójú ọ̀nà, kò bìkítà ẹni tó máa kọjá.

*

Nídìí ọkọ̀ ọlọ́pàá, Kọ́púrù kò mú ṣẹkẹ́ṣẹkẹ̀ jáde. Ó kàn ṣílẹ̀kùn fún Mátírọ̀n, ó ní, "Ẹ rọra o, mà."

"Ìsípẹ́kítọ̀," Mátírọ̀n ní nígbà tí wọ́n ti ń lọ, "ó ku ohun kan. Bí mo bá dé àgọ́ yín, ẹ ò ní jẹ́ kí n jáde lónìí."

"Kò dájú, mà."

"Ọmọkùnrin kan wà. Nígbà tó dé, ó ń wúkọ́ ni, ó ń jẹun. Funfun ló kàn, ẹlòmíì sì ń kú lọ lórí itan mi. Mo ti ọmọkùnrin yẹn síwájú láti fi gba funfun náà. Mo ní ara rẹ̀ á gbé e." Ó ń wo ìta láti ojú wíńdò. "Ó yíwọ́ mọ́ wa lọ́wọ́ lẹ́yìn ọjọ́ díẹ̀, ó kú. Ìyá rẹ̀ rò pé Ọlọ́run ló gbà á."

Kọ́púrù ń wo ojú Àǹtí nínú dígí.

"Níbo ni ìyá náà ń gbé?" Àǹtí béèrè.

Télọ̀ ni obìnrin náà. Ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ kò ju kí èèyàn méjì yí ara wọn po lọ, máṣíìnì ìránṣọ ń lọ gọ̀ọ́rọ̀gọ́ nínú rẹ̀. Nígbà tó gbójú sókè tó rí ẹni tó dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó dá ẹsẹ̀ dúró, ó dìde wéré, ó gbá àgékù aṣọ kúrò lórí àga kan ṣoṣo tó wà níbẹ̀.

"Mátírọ̀n mi! Ẹ wá kí mi? Nínú gbogbo wọn, ẹ̀yin nìkan lẹ rántí mi." Omi ti ń lé ní ojú rẹ̀. "Ẹ wọlé, mà. Ẹ wá jókòó."

Mátírọ̀n wo àga náà.

"Rárá, ìyá mi," ó ní. "Ẹ̀yin ni kẹ́ ẹ jókòó."